Iṣan Igi Nínú Ike Gaara

Ọkùnrin kan jókòó sórí afẹ́fẹ́ níwájú ilé alájà méjì kan, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń mu tíì.

Ohun tí Oníke rí nìyẹn bó ṣe yà sí òpópónà náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan báyìí, ó sì dúró gbagidi. Kò sí àga lábẹ́ ọkùnrin náà. Kò sí àpótí, kò sí òkúta. Ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tó wà nínú pálọ̀ ara rẹ̀, oòrùn sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń jó yẹ́ríyẹ́rí lára ògiri bí ìgbà tí omi bá ń mì nínú abọ́.

Ẹlòmíràn ì bá gba ọ̀nà mìíràn. Oníke kọ́. Ohun tí kò bá yé e ló máa ń fà á lẹ́sẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ a máa sọ pé bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ yìí, ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ni wọn yóò ti bá a. Ó rìn lọ bá ọkùnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì yọjú wo abẹ́ ìdí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ó ní.

Ọkùnrin náà gbé ife kúrò lẹ́nu. "Ẹ ò tilẹ̀ ní kí èèyàn ná?"

"Ẹ káàárọ̀. Ẹ dìde. Nǹkan wà lábẹ́ yín."

"Mo mọ̀ pé nǹkan wà lábẹ́ mi. Bí kò bá sí ńkọ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ̀ bá ti bá mi."

Ó dìde ṣá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Oníke wá rí àga náà dáadáa. Ike gbọ̀ngbọ̀n tó mọ́ gaara bíi gíláàsì ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀yìn rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, abala kan ṣoṣo ni, tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ bí ẹni tẹ bébà. Ojú ò lè rí i tán lẹ́ẹ̀kan. Etí rẹ̀ nìkan ló ń kọ mànà, bí okùn ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín.

"Ta ló ni ín?" Oníke béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Màmá Tíṣà ni, inú ilé ló wà. Wọ́n ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn. Èmi ni oníná tó wá tú àwọn iná wọn sílẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá wo àwọn ẹrù ike wọn. Oníke ni wọ́n ń pè mí."

"Àníkẹ́? Orúkọ dáadáa. Ó sì yẹ ẹni tí à bá máa kẹ́."

"Mi ò pe Àníkẹ́. Mo ní Oníke. Ike ni mò ń tún ṣe."

"Mo ti gbọ́," ni Oníná wí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún un. "Ẹ wọlé, Àníkẹ́."

Iṣẹ́ Oníke ni kó máa tún àga àti iná ike àtijọ́ ṣe, irú èyí tí àwọn òbí wa rà nígbà tí ike ṣì jẹ́ tuntun lójú ayé, tí kálukú rò pé bó pẹ́ bó yá, ilé àti bàtà àti ọkọ̀, ike ni gbogbo rẹ̀ yóò dà. Àwọn ọmọ wọn kó wọn jù sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọ-ọmọ ló tún ń wá wọn kiri báyìí láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń ṣe é. Ó mọ ike tí oòrùn ti sọ di pípọ́n àti èyí tí èéfín sìgá sọ dà bẹ́ẹ̀. Bó bá fi èékánná gbá a, ohùn rẹ̀ nìkan á sọ irú ike tó jẹ́ fún un.

Pálọ̀ Màmá Tíṣà dà bí ibi tí wọ́n ti gbàgbé láti yí kàlẹ́ńdà padà. Iná orí tábìlì kan wà níbẹ̀ tó ní orí bí olú, àwọ̀ rẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n. Dúrọ́ọ̀ róbótó mẹ́rin to léra wọn ní igun, ofeefee. Lókè àjà, iná ńlá kan so rọ̀ tí wọ́n fi ike funfun pẹlẹbẹ tò bí ìpẹ́ ẹja. Oníná gun àkàbà, ó ń tú u sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sì sinmi ìbéèrè.

"Kí ló dé tí èyí fi pọ́n, tí ìkejì rẹ̀ ò pọ́n?"

"Ọ̀dọ̀ fèrèsé ni èyí wà. Oòrùn ló jẹ ẹ́."

"Ṣé ó lè funfun padà?"

"Bí ẹ bá fi sùúrù ṣe é."

"Kí ni wọ́n fi ń dán an? Bẹntiróòlù?"

Oníke kígbe. "Bẹntiróòlù! Ẹ fẹ́ pa á ni? Kíá ló máa là sí wẹ́wẹ́. Omi àti ọṣẹ ni, sáńpépà tó kúnná, lẹ́yìn náà aṣọ rírọ̀."

Látorí àkàbà, Oníná wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan tó sọnù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bi Oníke ní iṣẹ́ rẹ̀, wọn kì í sì í dúró gbọ́ ìdáhùn. Eléyìí dúró. Ó tún fẹ́ gbọ́ sí i.

Ìgbà tí wọ́n gbé àga gaara náà wọlé ni Oníke yí i dojú délẹ̀, tó sì fi ọwọ́ pa abẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró. Ó tún un pa. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń wọ́ lọ gbọọrọ, wọ́n yí po níbì kan bí omi tó yí òkúta ká, wọ́n sì tún ń bá tiwọn lọ.

"Iṣan igi nìyí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Nínú ike?" Oníná ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Nínú ike. Ike kì í ní iṣan. Mi ò rí irú èyí rí."

Màmá Tíṣà, obìnrin tín-ín-rín tó fi ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ olọ́mọ ní ìwé, sọ pé ọkọ òun ló gbé àga náà wálé láti ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣọ́ ibi ìkẹ́rùsí. "Wọ́n fẹ́ fọ́ ọ ni. Ó bẹ̀bẹ̀ fún un. Títí tó fi kú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú nù, kò sì sọ ìdí fún mi." Ó wo Oníke láti orí dé ẹsẹ̀. "Gbé e lọ, ọmọ mi. Bí o bá mọ ìdí tí ìlà fi wà lára rẹ̀, kí o padà wá sọ fún mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ nìyẹn."

Oníná ló bá a gbé àga náà dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí obìnrin gbé ohun tí ojú ò rí láàárín títì, kí àwọn èèyàn má baà rò pé orí rẹ̀ ti yí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá so wáyà tuntun mọ́ iná olórí olú. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ó ní òun fẹ́ yẹ wáyà náà wò bóyá ó dúró dáadáa. Ní ẹ̀kẹta, kò wá àwáwí kankan mọ́, búrẹ́dì gbígbóná ló mú dání.

Ṣọ́ọ̀bù Oníke kò fẹ̀. Tábìlì gígùn kan, agbada omi, aṣọ rírọ̀ tí wọ́n sá sórí okùn, àwọn ìbòrí iná alárànbarà tó so kọ́ sókè bí èso. Oníke á máa dán ike, Oníná á máa tú súwíìṣì tó ti dípẹtà. Bí wọ́n bá parí iná kan, wọ́n á pa fèrèsé dé lọ́sàn-án gangan, wọ́n á tàn án láti wò ó. Iná olórí olú ni wọ́n kọ́kọ́ tàn. Gbogbo yàrá náà pọ́n bí inú ọsàn, ojú Oníná pẹ̀lú.

"O ti di wúrà, o ti di ẹni iyebíye," Oníke fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti fi "ẹ" sílẹ̀ nígbà náà.

"Ṣé iná ló ń sọ̀rọ̀ àbí ìwọ?"

"Iná ni."

"Mo máa dúró de ìgbà tí ìwọ náà máa sọ̀rọ̀, Àníkẹ́ mi."

Oníke kò pa iná náà títí ọ̀sán fi rọlẹ̀.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Oníke mọ̀ pé Oníná ò fẹ́ràn ṣúgà, pé ó máa ń kọrin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí wáyà bá dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́, pé ìyá rẹ̀ ti kú, pé bàbá rẹ̀ nìkan ló kù ú kù, gbẹ́nàgbẹ́nà. Ohun tí kò mọ̀ ni ìdí tí Oníná fi máa ń gba ibòmíràn bó bá kan ọ̀rọ̀ kó mú un dé ọ̀dọ̀ bàbá náà. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan, Oníná ní ara bàbá ò yá. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìgbà kẹta, Oníke kàn gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ó yá," ó ní, "jẹ́ ká lọ kí wọn."

Ilé Bàbá Onígi mọ́ tónítóní, ó sì ń rùn bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, igi ni: àga, àpótí, abọ́ èso, àní ìbòrí súwíìṣì ara ògiri. Ọkùnrin arúgbó náà ga, èjìká rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ó yẹ́ Oníke sí. Ó gbé àpótí ìjókòó kan fún un, ó bu tíì, ó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Ọwọ́ Oníke kì í sinmi. Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni ìka rẹ̀ ń wá abẹ́ àpótí náà kiri. Ó kan àmì kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé síbẹ̀: ìlà kúkúrú mẹ́ta, òbìrìkítí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó fẹ́ràn oníṣẹ́ tó ń fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ sí ibi tí ojú ò dé.

"Ọmọ mi sọ fún mi pé aṣọ fèrèsé lò ń rán," Bàbá ní. "Iṣẹ́ ọwọ́ dára. Ṣé ó ti pẹ́ tí o ti ń ṣe é?"

Oníke yíjú sí Oníná. Oníná ń wo inú ife tíì rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ níbẹ̀.

"Rárá, Bàbá," Oníke dáhùn. "Mi ò rán aṣọ fèrèsé rí. Ike ni mò ń tún ṣe. Àga ike, iná ike."

Bàbá gbé ife rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, ó sì dìde.

"Ike," ó ní. "Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rìnlá ló wà ní òpópónà yìí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà ni gbogbo wọn. Ike ló pa wọ́n. Ike ló pa ti ọ̀gá mi. Kò sí ike nínú ilé yìí, kò sì ní wọ ibẹ̀ ní orúkọ ìyàwó ọmọ mi. Mi ò bínú sí ọ, obìnrin yìí. Ṣùgbọ́n máa lọ."

Oníke kí i pé ó dàbọ̀, ó sì jáde. Oníná sáré tẹ̀ lé e dé títì.

"Àníkẹ́, dúró—"

"Aṣọ fèrèsé."

"Mo mọ bí wọ́n ṣe rí. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́, kí wọ́n fẹ́ràn rẹ, lẹ́yìn náà—"

"Kí wọ́n fẹ́ràn ta ni? Ẹni tó ń rán aṣọ fèrèsé? Kí ni màá ṣe bí wọ́n bá ní kí n rán ọ̀kan fún àwọn? Ojú iṣẹ́ mi tì ọ́. Oṣù mẹ́fà lo fi jókòó tì mí nídìí iṣẹ́ yìí, ojú rẹ̀ sì ń tì ọ́."

"Kò rí bẹ́ẹ̀, Àníkẹ́ mi."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́," ó ní. "Oníke lorúkọ mi."

Ó lọ, kò wẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta kọjá tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní títì nígbà tí Oníná bá kan ilẹ̀kùn. Oníke wà nínú ilé. Ó ń gbọ́ ọ. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n bó ṣe ń padà lọ, ó sì ń dùn ún ní ọ̀nà méjèèjì.

Nígbà tí ìbànújẹ́ bá wọlé, iṣẹ́ ni Oníke máa ń fi lé e. Ó gbé àga gaara náà sórí tábìlì, èyí tó ti ń sún ṣíwájú láti oṣù mẹ́fà wá. Bébà ilé iṣẹ́ kan ṣì lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìjókòó rẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti dúdú. Ó fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ rẹ ẹ́, ó fi ìka fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tí bébà ṣí, ó nu ibẹ̀ gbẹ, ó sì gbé e sójú fèrèsé.

Ìlà kúkúrú mẹ́ta. Òbìrìkítí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Háà!" ó kígbe nínú yàrá òfìfo náà. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn láti sọ fún ni Oníná, ìyẹn sì mú un bínú sí ara rẹ̀. Ó fi ìka kan àmì náà. Lábẹ́ àpótí ìjókòó Bàbá, gígé ni wọ́n gé àmì náà wọlé. Lára ike, ó yọ síta, ó sì kọjú sí òdìkejì, bí ojú èèyàn nínú dígí.

Ó lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti lé e jáde nílé yẹn lẹ́ẹ̀kan; ẹni tí wọ́n lé kì í fẹ́ padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun tó ń bá ihò kọ́kọ́rọ́ sọ̀rọ̀ láti kékeré, báwo ni yóò ṣe sùn? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi aṣọ wé àga náà, ó gbé e, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Onígi.

"Mi ò wá nítorí ọmọ yín," ni ohun àkọ́kọ́ tó sọ lẹ́yìn ìkíni. "Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo mú wá. Bí ẹ bá dáhùn, màá lọ."

Ó tú aṣọ náà. Ó yí àga náà dojú délẹ̀ sórí ilẹ̀ onípákó.

Bàbá la ẹnu láti lé e jáde, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí abẹ́ àga. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ohun tó pẹ́ tó ti ṣe kẹ́yìn, ó na ọwọ́ ńlá rẹ̀, ó sì pa iṣan inú ike náà bí ẹni tó ń pa ẹ̀yìn ẹran ọ̀sìn tó mọ̀ ọ́n. Ìka rẹ̀ dé ibi tí ìlà ti yí po.

"Ojú igi nìyí," ó ní. "Mo ní kí n gbẹ́ ẹ kúrò, mo fi í sílẹ̀. Ibo lo ti rí i?"

Oníke sọ fún un. Bàbá kúrò lórí orúnkún, ó jókòó sílẹ̀.

"Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Ilé iṣẹ́ náà wá bá ọ̀gá mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ móòdù, igi tí wọ́n gbẹ́ ní ìrísí àga, tí àwọn á máa tẹ ike gbígbóná lé. Ọ̀gá mi kọ̀. Ó ní ẹni tó bá gbẹ́ igi fún wọn lónìí kò ní rí igi gbẹ́ lọ́la. Mo lọ bá wọn lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe nítorí owó, kí o gbọ́ mi o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè ṣeé ṣe. Kí èèyàn gbẹ́ àga kan, kí ẹgbẹ̀rún jáde lára rẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀. Ǹjẹ́ ó yé ọ?"

"Ó yé mi, Bàbá," Oníke dáhùn. "Kò sí ẹni tó lè yé bó ṣe yé mi."

Bàbá wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti lé e jáde.

"Àkọ́kọ́ tó jáde nìyí. A ò tíì mọ̀ pé aṣọ la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi bo igi kí ike má baà kó ìlà rẹ̀. Wọ́n ní ó bàjẹ́, kí wọ́n fọ́ ọ. Ìkejì mọ́ kedere. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin... ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi dolóògbé. Ọmọ mi ò mọ̀. Ìyá rẹ̀ ò mọ̀. Èmi tí mò ń bú ike láti ogójì ọdún, ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀."

Àgbàlagbà náà ń sunkún láìsí omijé. Oníke jókòó sílẹ̀ lórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibi ìkẹ́rùsí wọn bẹ̀bẹ̀ fún un," ó ní. "Ó tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú. Mo rò pé nítorí ìlà yẹn ni. Àwọn ẹgbẹ̀rún tó kù, Bàbá, wọ́n ti fọ́, wọ́n ti jóná. Èyí tí wọ́n ní ó bàjẹ́ ló kù láyé."

Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó tún wo àga náà, ojú iṣẹ́ ló fi wò ó báyìí. "Ó ti sán níbí. Ṣé ó lè dúró?"

"Mo lè fi abala tuntun dí i. Ṣùgbọ́n mo nílò igi tó tẹ̀ bó ṣe tẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́ lé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Bàbá Onígi ní, ó sì ti ń wá ìwọ̀n rẹ̀.

Bí Oníná ṣe dé láti ibi iṣẹ́ nìyẹn tó bá bàbá rẹ̀ àti Oníke lórí ilẹ̀, ike láàárín wọn, tí wọ́n ń jiyàn nípa igi tó yẹ. Báàgì irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ sọ ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi ohunkóhun pamọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ wo igi, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Mo purọ́ nítorí ìbẹ̀rù," Oníná ní. "Kì í ṣe nítorí ìtìjú. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó: lójú ẹni tí wọ́n purọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Má bínú."

"Mo gbọ́," Oníke dáhùn.

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mo ní mo gbọ́. Gbígbọ́ kọ́ ni gbígbà."

Oníná gba ìyẹn mọ́ra, kò rojọ́. Ó bá wọn lọ sí ọ̀dọ̀ onípákó ní ọjọ́ Sátidé. Onípákó náà, ọkùnrin aláriwo tó ti mọ Bàbá láti ọdún pípẹ́, wo Oníke, ó wo Oníná, ó ṣẹ́jú. "Ta nìyí? Ṣé òun ni arábìnrin tó ń rán aṣọ fèrèsé tí mo gbọ́?"

Kí Oníke tó la ẹnu, Oníná ti dáhùn, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń la pákó ní òdìkejì ọgbà. "Irọ́ ni wọ́n pa fún yín, èmi ni mo sì pa á. Oníke ni. Ike àtijọ́ ló ń tún ṣe, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o nílùú yìí. Bó bá gbà, ìyàwó mi ni. Bí kò bá gbà, Oníke náà ni."

Ìró ayùn dákẹ́. Onípákó yanu. Bàbá ń wo pákó kan bí ẹni pé ìwé ni. Oníke yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín tó ń jà láti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ó fún Oníná ní orí pákó kan kó bá òun gbé, ó sì ní, "O lè wá ní Ọjọ́bọ̀."

Wọ́n tún àga náà ṣe. Oníke lọ sọ fún Màmá Tíṣà nílé ọmọ rẹ̀, ìyá náà sì bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, ó ní ọkọ òun ì bá sọ ọ́ bó ṣe rí, kí òun má fi ogójì ọdún nu àga aláìsọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Onígi ò tíì tán. Ọwọ́ rẹ̀ ti jí. Ó ní òun ń gbẹ́ móòdù mìíràn, ti òun fúnra òun, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan: ìjókòó gígùn tí èèyàn méjì lè jókòó sí. Oníke ní ààrò kékeré tí òun fi ń mú ike rọ̀ kò lè gba ike tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Oníná fi jókòó ti kọ́bọ́ọ̀dù onírin àtijọ́ kan, ó ń tẹ́ wáyà agbóná sí i nínú, ó ń kọrin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, títí ó fi di ààrò tó gùn bí ibùsùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n tẹ ike náà. Wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé. Bàbá fi aṣọ òwú rírọ̀ bo móòdù rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró, ó ronú, ó sì ká aṣọ náà kúrò.

"Jẹ́ kó kó ìlà," ó ní.

Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ike náà jáde nínú ààrò, ó rọ̀ bí awọ, ó gbóná bí ọ̀rọ̀ òtítọ́. Wọ́n sá gbé e lé igi, Oníke ní ìpẹ̀kun kan, Oníná ní ìkejì, Bàbá láàárín, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í mú.

"Ẹ má mì o," Oníke kìlọ̀. "Ẹni tó bá mì, ó ti bà á jẹ́. Títí ó fi máa tutù. Bàbá, ẹ bá wa kà á dé ọ̀ọ́dúnrún."

"Ení," Bàbá bẹ̀rẹ̀. "Èjì. Ẹ̀ta."

Ìgbà tó dé ogójì ni Oníná gbé ojú sókè. Láti òdìkejì ike gaara náà, ojú rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ó mì díẹ̀, bí ojú ẹni tó wà lábẹ́ omi.

"Oníke," ó ní.

Ọjọ́ tó ti pè é bẹ́ẹ̀ pọ̀. Láti ìgbà tí obìnrin náà ti ní kó má pe òun ní Àníkẹ́ mọ́ ni Oníná ò ti dán orúkọ yẹn wò. Orúkọ tó ń pè é yìí ti sú Oníke fúnra rẹ̀.

"Àádọ́ta," Bàbá ní. "Oókànléláàádọ́ta."

"Mo mọ̀ pé o ò lè sá báyìí. Mo mọ̀ pé kò dára kí n bi ọ́ níbi tí o ò ti lè jù mí lókùúta. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Níwájú bàbá rẹ?"

"Àwọn náà ò lè sá."

"Ẹẹ́tàdínlọ́gọ́ta," Bàbá kà á, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n bí ẹni tó ń dá ẹ̀rín dúró.

Oníke wo ọkùnrin tó wà ní òdìkejì. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, kò sì lè nù ún. Ó ti di ike náà mú gírígírí gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ ọ, kò mì, kò sì ní mì bí wọ́n bá fi í síbẹ̀ di ọ̀la. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ṣì kù tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó rí i pé òun fẹ́ mọ gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù, títí ọjọ́ alẹ́.

"Màá fẹ́ ọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí o máa pè mí ní Àníkẹ́. Èyí tí ò ń pè yìí ò dùn lẹ́nu rẹ mọ́."

"Àníkẹ́," Oníná wí.

Ó ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó kíyè sí i pé Bàbá ò kà mọ́. Àwọn méjèèjì yíjú sí i. Omijé ti rẹ ojú arúgbó náà, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ṣì tẹ̀ mọ́ ike náà, kò yẹ̀.

"Mo ti gbàgbé ibi tí mo kà á dé," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ fà á o. Ẹ dì í mú dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi."

Ó tún un bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ.

"Ení. Èjì. Ẹ̀ta."